Ògiri Tí Kì Í Gbẹ: Láti Gberefu Dé Ilé Míṣọ́n Àgbádárìgì

Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ mú yín lọ sí etí òkun, sí Gberefu àti Àgbádárìgì ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Púpọ̀ nínú wa ló mọ Àgbádárìgì nítorí ìtàn òwò ẹrú, àti nítorí pé ibẹ̀ ni ìyìn rere ti gbà wọ ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ògiri ni a bá wá lónìí: ògiri tó ń rin, ògiri tó ń hu ebu, ògiri tó ń sán. Kí ẹni tó ń gbé nínú ilé àtijọ́, àti ẹni tó ń kọ́ ilé tuntun síbi tí omi wà nítòsí, fara balẹ̀ bá wa lọ.

Ilẹ̀ Tí Kò Ní Òkúta

Àgbádárìgì wà létí ọ̀sà. Ní òdìkejì ọ̀sà náà ni Gberefu wà, ilẹ̀ iyanrìn tóóró tí ọ̀sà wà níwájú rẹ̀, tí Òkun Àtìláńtíìkì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ ẹ̀ńjìnnì ni èèyàn ń wọ̀ láti èbúté Àgbádárìgì, kì í sì í pẹ́ tó fi ń gúnlẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn lórí iyanrìn, láàárín àwọn igi àgbọn, títí a ó fi máa gbọ́ ohùn òkun. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa tí wọ́n tà sí oko ẹrú gbà. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí ìtàn sọ pé wọ́n ń fún wọn lómi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ní etí òkun gan-an, níbi tí ìrìn náà parí sí, àwọn òpó méjì dúró, wọ́n ń sọ fún àlejò pé àlọ tí kò lábọ̀ ni àlọ àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn apẹja ló ń gbé ibẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá fojú mọlémọlé wo ilẹ̀ náà yóò tètè rí nǹkan kan: kò sí òkúta ní Gberefu. Bí ẹ bá gbẹ́lẹ̀, iyanrìn ni. Bí ẹ bá tún gbẹ́ ẹ díẹ̀ sí i, omi ni. Ará Abẹ́òkúta lè bá àpáta ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ará etí òkun kò ní in, ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi ń kọ́lé.

Láyé àtijọ́, ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ tàbí ti àgbọn ni. Ilé bẹ́ẹ̀ kì í rin pẹ́, nítorí pé atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá jẹrà, wọn a pààrọ̀ ibi tó jẹrà. Nígbà tí búlọ́ọ̀kù dé ni ọ̀ràn mìíràn bẹ̀rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù dára, ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi ń ṣe é? Sìmẹ́ǹtì wọ́n, ó sì tún gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kí ó tó dé. Iyanrìn ní tirẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ẹlòmíràn a kó iyanrìn etí òkun, a fi omi kànga tó níyọ̀ pò ó, a sì dín sìmẹ́ǹtì kù. Búlọ́ọ̀kù náà yóò gbẹ lójú oòrùn, yóò sì le. Nígbà tó bá di ọdún kejì tàbí ìkẹta, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìyẹ̀fun funfun. Ọ̀dà á wú, á máa ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Ibi tí wọ́n rẹ́ á máa já bọ́ sórí ibùsùn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀pá irin wà nínú òpó ilé náà, iyọ̀ á mú kí irin dípẹtà, ìpẹtà á wú, á sì la òpó náà láti inú.

Àwọn kan á ní ayé ló ń ṣe wọ́n. A mọ̀ pé ọ̀tá ń bẹ, a sì ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ògiri yìí kì í ṣe ti ayé. Iyọ̀ ni. Ìyá tó bá gbé iyọ̀ kalẹ̀ nínú àwo láìbò ó nígbà òjò mọ ohun tí a ń wí. Kó tó di ọjọ́ kejì, iyọ̀ náà á ti rin, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò da omi sí i. Inú atẹ́gùn ló ti fa omi. Ògiri tó bá ní iyọ̀ nínú yóò ṣe bákan náà lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.

Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Létí Ọ̀sà

Ẹ jẹ́ kí a sọdá padà sí Àgbádárìgì. Ní 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Wesleyan gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, Henry Townsend ti C.M.S. sì dé ní oṣù kejìlá. Kérésìmesì ọdún náà bá àwọn méjèèjì ní Àgbádárìgì. Abẹ́ igi Agia ni ìtàn sọ pé wọ́n ti wàásù, igi tó dúró títí di 1959 kí ó tó wó. Ní oṣù kìn-ín-ní 1845, Townsend padà wá pẹ̀lú Charles Andrew Gollmer àti Samuel Àjàyí Crowther. Abẹ́òkúta ni wọ́n fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tó yẹ kó gbà wọ́n lálejò kú, ọ̀nà sì dí. Àgbádárìgì ni Townsend àti Crowther wà títí di oṣù kẹjọ 1846. Nígbà tí Crowther wá dé Abẹ́òkúta nínú oṣù náà, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ogún ọdún ó lé tí ogun ẹrú ti yà wọ́n.

Ilé míṣọ́n tí wọ́n kọ́ létí ọ̀sà nígbà náà ṣì wà. Ohun tí wọ́n ń sọ fún àlejò níbẹ̀ ni pé 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, pé wọ́n parí rẹ̀ ní 1845, àti pé òun ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Wọ́n ní níbẹ̀ ni Crowther ti ṣe nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Iṣẹ́ náà pẹ́ púpọ̀. Ní 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde. Nítorí náà, Bíbélì tó wà lábẹ́ apá wa lọ́jọ́ Ìsinmi ní í ṣe pẹ̀lú ilé kan tó dúró sórí iyanrìn, létí omi.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Ilé tó ti lé ní 170 ọdún létí ọ̀sà kò lè dúró bí ẹnikẹ́ni kò bá tọ́jú rẹ̀. Òjò ń rọ̀ sí i láti òkè. Omi ilẹ̀ ń wá a láti ìsàlẹ̀. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ iyọ̀ sí i lára. Páànù ń dípẹtà, ikán sì ń wá igi rẹ̀ kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀ràn rí fún ilé Seriki Williams Abass tó wà nítòsí ibẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń há àwọn ẹrú mọ́ inú àwọn yàrá kéékèèké, àti fún ọ̀pọ̀ ilé ẹbí tí kò sí nínú ìwé ìtàn kankan. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ilé àtijọ́ ń wó. Ògiri kọ́kọ́ ń rin ná.

Bí Omi Ṣe Ń Gun Ògiri

Gbogbo wa la ti lo àtùpà rí. Kẹrosíìnì wà nísàlẹ̀, iná wà lókè, òwú ló sì ń fà á gòkè láìsí ẹni tó ń tì í. Ògiri amọ̀, bíríkì àti búlọ́ọ̀kù ní ihò wínníwínní nínú bí òwú náà. Bí ẹsẹ̀ ògiri bá wà nínú ilẹ̀ tútù, omi á máa gùn ún. Ó sábà máa ń gòkè tó mítà kan, lẹ́yìn èyí ni atẹ́gùn á fà á gbẹ. Níbi tó bá dúró sí, á fi ilà sílẹ̀, bíi ti ọ̀sà lára igi èbúté. Omi á lọ sójú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ tó gbé wá kò ní lọ. Á dúró sára ògiri, á di okuta wínníwínní, á máa wú, á sì máa ti ojú ògiri jáde díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó ṣe ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé, níbo ni omi yìí ti ń wá? Bí ọ̀rinrin bá wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ilà bẹ́ẹ̀, láti inú ilẹ̀ ni. Bó bá wà lókè, tó sì ń pọ̀ sí i lẹ́yìn òjò, ẹ wo òrùlé àti gọ́tà. Bó bá jẹ́ kọ̀rọ̀ kan tí a kó àpótí dí, tí fèrèsé kì í ṣí, tí ebu dúdú sì ń hù níbẹ̀, ó lè jẹ́ èémí àwọn tó ń sùn níbẹ̀ àti ooru ìdáná ló ń di omi sí i lára.

Ọ̀nà kan wà láti dán an wò tí kò náni ní owó púpọ̀. Ẹ gé ọ̀rá nylon tó mọ́, kí ó fẹ̀ tó ojú ìwé kan. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ẹ sì fi táàpù dí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sé sẹ́yìn ọ̀rá náà, níhà ògiri, inú ògiri ni ó ti ń wá. Bó bá sé sójú rẹ̀, níhà yàrá, inú afẹ́fẹ́ yàrá ni. Ẹ máa ṣí fèrèsé.

Rírẹ́ Lórí Àìsàn

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé, bí ògiri bá ti rin, wọn a pe bíríkìlà kí ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, kí ó nípọn, kí ó sì le. Wọn a kùn ún lọ́dà aláràn-án. Nígbà Àjíǹde, ilé á dára lójú. Kó tó di Kérésìmesì, ọ̀rinrin á ti yọ lókè ibi tí sìmẹ́ǹtì parí sí.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Àwọn mọlémọlé àtijọ́ ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ń jó ìkarahun inú omi láti fi ṣe ẹfun ìkọ́lé. Amọ̀ àti ẹfun ni wọ́n fi ń rẹ́ ògiri. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ a máa mí: omi tó bá wọ̀ ọ́ lóru á rí ọ̀nà jáde lọ́sàn-án. Sìmẹ́ǹtì líle kì í jẹ́ kó mí. Bí a bá fi bo ògiri amọ̀, ńṣe ni omi á há sínú. Bí kò bá rí ọ̀nà níwájú, á gòkè, á mú amọ̀ inú lọ́hùn-ún rọ̀, èèyàn kò sì ní í mọ̀, nítorí pé ojú sìmẹ́ǹtì ṣì ń dán. Lọ́jọ́ kan, sìmẹ́ǹtì náà á já bọ́ ní odindi, a ó sì rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti di ẹrẹ̀.

Wòlíì Ìsíkíẹ́lì mọ irú iṣẹ́ yìí. Ní orí kẹtàlá ìwé rẹ̀, ó sọ nípa àwọn tó mọ ògiri tí kò lágbára, tí àwọn mìíràn sì wá fi amọ̀ tí kò dára rẹ́ ẹ. Òjò rọ̀, ìjì jà, ògiri wó, ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì hàn síta. Àwọn wòlíì èké ni ó ń bá wí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé létí òkun rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ lójú ayé pẹ̀lú.

Sísán Kò Rí Bákan Náà

Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹnu ni ẹnu ikú. Àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun tó gba ara wọn kọjá, ibi tí wọ́n rẹ́ nìkan ló sán. Ó tètè gbẹ jù ni. Ṣùgbọ́n bí ilà bá bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà, tó dà bíi pé ó ń gun àkàsọ̀ láti búlọ́ọ̀kù kan sí èkejì, ìpìlẹ̀ ló ń rìn. Bí ògiri bá sì yọ ikùn síta, tàbí tí ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa tẹ́lẹ̀ kò bá tì mọ́, tí ọwọ́ ọmọdé sì lè wọ ibi tó là, ẹ má ṣe pe akunlé. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kí ẹ pe ẹnjiníà.

Èyí tí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ fa ilà kékeré sí òpin rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ oṣù síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà wò ó. Bó bá ti kọjá àmì, ó ṣì ń rìn. Bó bá dúró síbẹ̀ ní òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọgbẹ́ àtijọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní Ìta Fàájì ní Èkó, ní oṣù kẹta 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀ wó, àwọn ọmọdé sì kú. Àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ti sàmì sí ilé náà pé kí wọ́n wó o.

Ẹlòmíràn á béèrè pé: ṣé kì í ṣe nítorí iyanrìn ni? Ṣé Olúwa wa kò ti sọ nípa ọkùnrin tó kọ́lé sórí iyanrìn? Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìkún omi ló wó ilé náà. Iyanrìn tó bá dúró sí àyè rẹ̀ lè gbé ilé. Ìgbà tí omi bá ń gbé e lọ lábẹ́ ìpìlẹ̀ ni ewu dé. Ará Gberefu kò lè ṣẹ̀dá àpáta, ṣùgbọ́n ó lè gbẹ́lẹ̀ jìn, ó sì lè darí omi òrùlé jìnnà sí ẹsẹ̀ ilé.

Bí Àlùfáà Ṣe Wo Ògiri

Nínú Léfítíkù orí kẹrìnlá, a rí òfin nípa ilé tí àrùn bá wà lára ògiri rẹ̀. Ẹni tó ni ilé kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ó ní láti lọ sọ fún àlùfáà. Wọn yóò kọ́kọ́ kó ẹrù jáde. Àlùfáà yóò wo ògiri bóyá ó ní àmì bí ewé tàbí pupa, bóyá ó sì wọ inú lọ ju ojú ògiri lọ. Yóò ti ilé náà fún ọjọ́ méje, yóò sì tún padà wò ó. Bó bá ti ràn, wọn yóò yọ àwọn òkúta tó ní àrùn, wọn yóò ha inú ilé yí ká, wọn yóò fi òkúta mìíràn dípò, wọn yóò sì fi amọ̀ mìíràn rẹ́ ẹ. Ìgbà tó bá tún padà lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n tó wó ilé náà.

Ẹ wo bí ètò náà ti gún tó. Wọ́n wò ó, wọ́n dúró, wọ́n tún un wò, wọ́n ha á, kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Ọ̀nà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ àtúnṣe ilé àtijọ́ ń gbà kò jìnnà sí èyí. Ẹ kọ́kọ́ tún òrùlé àti gọ́tà ṣe. Bí ilẹ̀ ìta bá ti ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, ẹ wa á kúrò, kí omi lè ṣàn lọ. Ẹ fara balẹ̀ ṣí sìmẹ́ǹtì tó ti kú kúrò lára ògiri amọ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá iyọ̀, kí ẹ sì kó o jùnù. Ẹ má ṣe fi omi fọ̀ ọ́, nítorí ńṣe ni yóò yọ́ padà sínú. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró kí ó gbẹ. Àwọn onímọ̀ a máa ṣírò ínǹṣì kan fún oṣù kan, nítorí náà ògiri tó nípọn lè gba ọdún kan. Ìgbà yẹn ni a ó fi amọ̀ àti ẹfun rẹ́ ẹ, kí ó lè máa mí.

Ní ti ilé tuntun, ìnáwó ìbẹ̀rẹ̀ kò tó ti àtúnṣe. Iyanrìn odò tí kò níyọ̀ àti omi tó ṣeé mu ni kí ẹ fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Ẹ gbé ìpìlẹ̀ ga ju ilẹ̀ lọ. Ẹ tẹ́ ọ̀rá nylon tó nípọn sórí ìpìlẹ̀ àti sábẹ́ ilẹ̀ yàrá kí ẹ tó tẹ̀síwájú, kí omi má bàa rí òwú tí yóò gùn.

Ohun Tí Ìdádúró Ń Fà

Àwọn àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil padà kọ́ àwọn ilé tó lẹ́wà púpọ̀ sí Èkó. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìlọ́jọ̀ Bar ní Tinubu Square, tí wọ́n kọ́ ní 1855. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ilé ìrántí fún orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ orí mú ilé náà, àárẹ̀ sì hàn lára rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ọdún 60 ni ìkéde náà fi wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ìwé kì í dí ibi tí ilé ń jò.

Ní Keta, ní etí òkun Ghana, àwọn ará Denmark kọ́ odi olókùúta kan ní 1784, Fort Prinzenstein. Òkúta ni, kì í ṣe amọ̀. Síbẹ̀, òkun ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀, nígbà tó sì di 1980, ìgbì wó púpọ̀ nínú odi náà. Ibi tí òkun bá ti fẹ́ gba ilẹ̀, òkúta kò ní agbára. Ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀, kì í ṣe òkun ló ń wó ilé wa. Gọ́tà tó ti dí ni, àti páànù kan tó ti ṣí láti ọdún tó kọjá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ nínú ìjọ gbogbo, ẹ̀yin baba àti ìyá tó ní ilé ẹbí lọ́wọ́, kí òjò tó dé, ẹ rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo òrùlé, ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri. Ní ibi tí àwọn arúgbó tàbí opó bá ń dá gbé, kí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bá wọn gun òrùlé, kí wọ́n sì bá wọn kó ẹrẹ̀ gọ́tà. Bí Olúwa bá sì mú yín dé Àgbádárìgì, ẹ yà sí ilé míṣọ́n yẹn. Ẹ san owó ìwọlé, ẹ má ṣe bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì fi nǹkan kún un fún àtúnṣe. Ilé tí wọ́n ní a ti ṣe nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí èdè ìyá wa tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́run dáàbò bo gbogbo ilé wa. Àmín.